Mo ti rí M13 o!

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Má bínú pé mi ò tètè fèsì, oorun ló ń yọ mí lẹ́nu, òru mẹ́ta gbáko ni mo fi wà níta tí mò ń wá nǹkan kan ṣoṣo lójú ọ̀run.

M13 ni, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó wà nínú àwòrán ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hercules, tí mo ti ń pariwo ẹ̀ sí ẹ létí. Òru àkọ́kọ́, òfo. Ìkejì, òfo, mo dẹ̀ mọ ibi tó wà o: wá Vega, wá Arcturus, ìràwọ̀ méjì tó ń tàn yòò, láàárín wọn, níbi tó sún mọ́ Vega, wàá rí ìràwọ̀ mẹ́rin tó ṣe bí àpótí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ju ìdí ẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn tó kọjú sí Arcturus ló wà. Awò kékeré tí wọ́n so mọ́ ara tẹlisíkóòpù ló ṣe mí báyẹn, ọmọ ń wo ọ̀tún, ìyá ń wo òsì! Lọ́jọ́ kẹta ni mo gbé e síta kílẹ̀ tó ṣú, mo dojú ẹ̀ kọ orí òpó kan lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń yí síkúrù ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi ń wo ibì kan náà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, háà.

Nígbà tó ṣú tán mo paná, mo jókòó nínú òkùnkùn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kójú mi lè bá a mu (mi ò wo fóònù rárá, ìyẹn ló le jù). Mo fi lẹ́ǹsì 25mm tí wọ́n ń gbójú lé sí i, ìlọ́po 48 nìyẹn (1200 pín sí 25) lórí tẹlisíkóòpù tèmi tí ìmọ́lẹ̀ ń rin 1200mm nínú ẹ̀ kó tó pàdé lójú kan, kí ni mo rí? Nǹkan róbótó kan bí èéfín. Ṣé torí eléyìí náà ni? Mo pààrọ̀ ẹ̀ sí 10mm, ó tóbi sí i, èéfín náà ni, àfìgbà tí mo rántí pé wọ́n ní kéèyàn má tẹjú mọ́ ọn, pé ẹ̀gbẹ́ ojú mọ òkùnkùn wò ju àárín lọ. Mo yẹjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí. Yéè! Ńṣe làwọn ìràwọ̀ wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí ẹni fọ́n iyanrìn sórí aṣọ dúdú, tí mo bá ní kí n wò wọ́n tààrà, wọ́n á sá. Mo kà á dé bí ogún mo pa á tì, wọ́n ní wọ́n ju 100,000 lọ.

Má fi èéfín yẹn bú mi o. Halley, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, ló kọ́kọ́ rí i ní 1714, Messier tóun náà jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ wò ó ní 1764, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò síràwọ̀ kankan nínú ẹ̀!

Ó jìn débi pé ìmọ́lẹ̀ tí mo rí lálẹ́ yẹn ti lé ní 20,000 ọdún lójú ọ̀nà. Ní 1974 wọ́n ti ibi tẹlisíkóòpù rédíò ńlá Arecibo ní Puerto Rico fi rédíò ránṣẹ́ síbẹ̀, kò tíì rìn dé ibi kankan, ìwọ wá ń sọ pé lẹ́tà tèmi ń pẹ́. Gbé tìẹ náà jáde lọ́jọ́ tí ò bá sóṣùpá, kó o kọ ohun tó o bá rí sí mi.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ tí ò sùn