Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Kí Ló Dé Tí Òṣìṣẹ́ Yín Kì Í Pẹ́?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ kú ìnáwó.

Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù àti iléeṣẹ́ láàárín wa ń fi ẹjọ́ kan sùn mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: ọmọ tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ kì í pẹ́ tó fi ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbà á ládùúrà. Màá gbà á. Àmọ́ ká tó kúnlẹ̀, ẹ ṣí Rúùtù 2.

Nígbà tí Bóásì ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù dé oko, òun ọ̀gá ló kọ́kọ́ kí àwọn olùkórè pé kí Olúwa wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí oúnjẹ tó, ó bá wọn jókòó, ó sì na ọkà yíyan sí Rúùtù, àlejò tó ń pèéṣẹ́, ìyẹn ni pé ó ń ṣa ọkà tí àwọn olùkórè fi sílẹ̀. Ọ̀gá mélòó ní òpópónà Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ ló ń kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó béèrè ẹni tó gbé ìgbálẹ̀ síbí?

Mo rí ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan nígboro yìí. Orúkọ àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni "pẹ́ dé, ₦500", "fèsì sí mi, ₦1,000". Mo ṣí i dé ẹ̀yìn, n kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹnì kan ṣe dáadáa. Ṣé a ti gbàgbé yinni yinni kí ẹni ṣe òmíràn ni?

Ẹ wo Lábánì, àna Jákọ́bù tó tún jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá ni Jákọ́bù ní ó pa owó ọ̀yà òun dà. Ọjọ́ tó lọ rẹ́ irun àgùntàn ni Jákọ́bù kó tọmọtọmọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Lábánì wá fi ọjọ́ méje lé e. Owó tí kò san lásìkò ló ń sáré lé kiri!

Láti 2024 ni owó oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000 lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Mo mọ̀ pé òfin náà yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ìwé Jákọ́bù 5:4, tó ní owó ọ̀yà tí ọ̀gá kò san fún àwọn alágbàṣe ń ké, kò yọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin olóko kòkó pàápàá, nígbà tí kòkó gbówó lórí gọbọi lọ́dún 2024 yẹn, èló lẹ fi kún ti ọmọ tí ẹ gbà fún ọdún kan gbáko, tó ń fọ́ kòkó, tó ń sá a?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín, Títù 2:10, tó ní kí ẹ má ṣe ja ọ̀gá yín lólè, ń dúró dè yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti fẹnu kò pé láti oṣù yìí lọ, ọlọ́dẹ wa àti màmá tó ń gbá ilé ìjọsìn yóò máa gba owó wọn ní ọjọ́ 25, kí a tó san owó dísù jẹnẹrétọ̀, kí a tó san tèmi náà. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó yàtọ̀, ẹ bi akápò.