Ká wọn Odò Ògùnpa ká tó wà á

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí òjò bá ti fẹ́ máa rọ̀ báyìí, ariwo tó ń sọ n'Ìbàdàn ni pé kí ìjọba kó katapílà wá wa Odò Ògùnpa. Wọ́n ti wà á lẹ́yìn omíyalé ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, síbẹ̀ ti ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011 pa èèyàn tó lé ní 100 nílùú.

Katapílà ò mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ń wá. Bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ odò jù, ìdí bèbè á ṣófo, bèbè á ya lulẹ̀, yanrìn rẹ̀ á sì lọ dí abẹ́ afárá tó kàn. Ibi tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ńkọ́? Omi á kàn sáré gba ibẹ̀ lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀ ni.

Ẹ wo òkè odò, níbi tí àgbàrá ti ń wá. Òrùlé tó gùn ní mítà 15, tó fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sí i, lítà 7,500 ló máa dà sí gọ́tà. Ilé kan péré o! Bí ẹrẹ̀ bá sì ti gba àyè inú adágún Agodi tó wà lókè odò, kí ló máa dá àgbàrá náà dúró?

Ìwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà sára òpó afárá, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10. Ẹ wá ibi tí odò ti tọ́, ẹ wọn mítà 20 lẹ́bàá rẹ̀, kí ẹ ju ọsàn sómi. Ọsàn dáa ju ike lọ, torí ó máa ń rì díẹ̀, afẹ́fẹ́ ò lè máa tì í kiri. Ká ní ó lo ìṣẹ́jú àáyá 25, eré rẹ̀ jẹ́ mítà 0.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú omi máa ń yára ju inú rẹ̀ lọ, ẹ bá a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.85: ó di 0.68. Bí odò bá fẹ̀ ní mítà 8, tó sì jìn ní mítà 0.6, á jẹ́ pé nǹkan bíi lítà 3,260 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣe é nígbà tí omi bá fà àti nígbà tó bá kún, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ẹ máa kọ ìlà tí omi dé lára òpó sílẹ̀ pẹ̀lú iye lítà tó ń kọjá. Lẹ́yìn náà, ìlà ara òpó nìkan á máa sọ bí omi ṣe pọ̀ tó. Bí omíyalé bá ti gbẹ́ ilẹ̀ odò, ìwọ̀n àtijọ́ ò bá a mu mọ́. Ẹ tún un ṣe. Orí afárá ni kí ẹ dúró sí o, kí ẹnikẹ́ni má wọ omi tó kún.

Ẹnì kan tó á máa ka ìlà láago méje àárọ̀ ní afárá kọ̀ọ̀kan, àti ní wákàtí wákàtí bí òjò bá ń rọ̀, owó oṣù rẹ̀ ò tó owó dísù katapílà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan,
Ìbàdàn.