Ìjánu Tí A Bọ́ Lẹ́nu Ẹṣin: Èsì sí Ojú Ìwé Ìlera Yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ojú ìwé ìlera yín ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí kí n tó ka ohunkóhun mìíràn, nítorí náà ẹ má fojú ìjà wo lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti bá mi délé, kò sì ṣeé dákẹ́ sí.

Ẹ gbé àwòrán ìgò kékeré kan jáde, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé oògùn jẹjẹrẹ tuntun tí ń jẹ́ PD-1 ni. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan pè mí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fínra. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ gbà mí o. Mo ti rí oògùn náà nínú ìwé ìròyìn, ọkọ yín sì sọ fún mi pé òun gan-an lẹ ń lò ní yàrá ìwádìí tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi mú ìgò kan péré." Ẹnu mi wúwo. Òótọ́ ni pé òun là ń lò. Ọdún 11 ni mo ti ń pò ó, tí mo ń pín in, tí mo ń kó o sí fírísà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn.

PD-1 jẹ́ rísẹ́pítọ̀, ìyẹn pùrótéènì tó yọrí síta lára sẹ́ẹ̀lì. Ara sẹ́ẹ̀lì T ló máa ń wà jù, àwọn ọmọ ogun tí ń gbèjà ara wa. Ìjánu ni. Yàrá ìwádìí Tasuku Honjo ní Japan ló kéde jíìnì rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe é, ní 1992. Òun àti James Allison ti Amẹ́ríkà, tó ṣiṣẹ́ lórí ìjánu mìíràn tí ń jẹ́ CTLA-4, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Bí sẹ́ẹ̀lì T bá ń jà, tí pùrótéènì kan tí ń jẹ́ PD-L1 bá nawọ́ di ìjánu yìí mú, sẹ́ẹ̀lì T á rọlẹ̀. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ogun tí kò bá ní ìjánu lè kọjú ìjà sí onílé. Àrékérekè jẹjẹrẹ ni pé òun náà lè gbé PD-L1 wọ̀, kó máa fi fa ìjánu. Oògùn méjì tí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 2014, nivolumab àti pembrolizumab, ańtíbọ́dì ni wọ́n, ìyẹn pùrótéènì tó mọ ohun kan pàtó dì mú. Ńṣe ni wọ́n ń lọ bo ìjánu náà mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ jẹjẹrẹ má rí i dì mú. Ańtíbọ́dì yẹn ni oògùn, Olóòtú. Ohun tó wà nínú ìgò tí ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ ni ìjánu fúnra rẹ̀, tí a ti bọ́ lẹ́nu ẹṣin.

Kì í tilẹ̀ í ṣe odindi. Ámínò ásíìdì, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín pọ̀ di pùrótéènì, 288 ni jíìnì PD-1 ènìyàn ń kọ sílẹ̀, èyí tí à ń lò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí 25 ó parí sí 167, apá tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì nìkan. Apá tó la awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá àti ìrù tó wà nínú, èyí tí ń jíṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó rọra, ti lọ. Bí a ṣe ń rí i kò ṣòroó sọ: wọ́n á fi jíìnì apá òde yìí sínú òrùka DNA kékeré kan, wọ́n á ti òrùka náà wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú omi aṣaralóore, sẹ́ẹ̀lì á máa ṣe pùrótéènì náà, á sì máa tú u síta sínú omi. Wọ́n ti so ìrù histidine 6 (ọ̀kan lára àwọn ámínò ásíìdì ni histidine) mọ́ ọn nídìí, irin níkẹ́ẹ̀lì sì máa ń fa ìrù yẹn mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́ kúrò láàárín ẹgbàágbèje pùrótéènì tí kò kàn wá.

HEK293, irú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan tí wọ́n ń tọ́jú ní yàrá ìwádìí, ni wọ́n fi ṣe tiwa. (293 inú orúkọ yẹn, nọ́ńbà ìdánwò tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Frank Graham wà lórí rẹ̀ nígbà tó rí sẹ́ẹ̀lì náà ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí n rántí pé ẹnì kan ti jókòó ti ìdánwò léraléra kó tó dé ibẹ̀.) Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò lo bakitéríà, èyí tó yára jù. Ṣúgà ló fà á. PD-1 ènìyàn ní ojú 4 tí sẹ́ẹ̀lì máa ń so ṣúgà mọ́, bakitéríà E. coli tí wọ́n sábà máa ń lò kì í sì í so irú rẹ̀. Ṣúgà yìí náà ló ń mú kí pùrótéènì tí ìṣirò ní kò ju nǹkan bí 17 kDa (òṣùwọ̀n ìwúwo pùrótéènì) lọ máa dúró sókè 30 lórí jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń wo ìwúwo rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo gbà pé nǹkan mìíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Mo ti kọ lẹ́tà ẹ̀sùn dé ìdajì kí ọ̀gá mi tó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kí wá ni ìwúlò ìjánu tí kò lẹ́ṣin? Àìlẹ́ṣin rẹ̀ ni ìwúlò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ańtíbọ́dì tuntun dé tó ní ó lè di PD-1 mú, a kì í bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn, a kì í tilẹ̀ í bẹ̀rẹ̀ lára eku. A ó lẹ ìjánu náà mọ́ ìsàlẹ̀ ihò 96 orí àwo oníke kan, a ó da ańtíbọ́dì sí i, a ó fọ̀ ọ́, a ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó wá da omi tí ń yí àwọ̀ padà sí i. Ihò tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ańtíbọ́dì wà níbẹ̀, ó ti di nǹkan mú. Ihò tó bá mọ́ gaara, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ohun inú ìgò náà kò sì tó nǹkan lójú. Ọmọ iṣẹ́ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà gbé ìgò 50 máíkírógíráàmù sókè síbi iná, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Àǹtí, òfìfo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa." Ó ti na ọwọ́ dé ẹnu garawa ìdọ̀tí kí n tó pariwo. Fúlùfúlù ni wọ́n máa ń gbẹ ẹ́ nínú òtútù, ó sì lè dà bí èéfín tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò, tàbí kó lọ fara pamọ́ sínú ìdérí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń yí i bírí kó lè sọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí a tó ṣí i. Omi la ó rọra kán sí i lẹ́yìn náà. A kì í gbọ̀n ọ́n. Kó tó padà sí fírísà, a ó ti pín in sí kéékèèké, kó má di pé a ń yọ́ odindi rẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi fúnra mi ti ṣe é rí: ìgbà 5 ni mo yọ́ ìgò kan tí mo tún jẹ́ kó dì padà, torí ọ̀lẹ ń ṣe mí láti pín in. Ìgbà kẹfà, gbogbo àwo mọ́ gaara. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bú ańtíbọ́dì tí kò ṣẹ̀.

Kí oníṣègùn kan má baà tún èmi náà tún: òótọ́ ni pé ẹ̀yà rísẹ́pítọ̀ lè di oògùn. Etanercept, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998 fún làkúrègbé oríkèé, apá òde rísẹ́pítọ̀ tí pùrótéènì kan tí ń jẹ́ TNF máa ń dì mú ni, tí wọ́n so mọ́ ìdí ańtíbọ́dì. Ṣùgbọ́n ìlànà oògùn ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì dán an wò lára àwọn aláìsàn kó tó dé ọwọ́ dókítà. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgò orí tábìlì mi. Ó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé ìwádìí nìkan ni ó wà fún. Ó wà nínú fọ́tò tiyín náà. Ẹ gé e síbi tí ìlà yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi tẹ àtúnṣe sí ojú ìwé kan náà, kí lẹ́tà rẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Bí orúkọ ló ṣòro, ẹ kọ rísẹ́pítọ̀ bí àwa ṣe ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ má pè é ní oògùn.

Ní ti ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ó bínú díẹ̀, ó rò pé mo ń ṣahun. Ó pè padà ní ọjọ́ kẹta. Dókítà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mú nínú ẹran ara tí wọ́n gé nínú kókó jẹjẹrẹ náà lọ fún àyẹ̀wò PD-L1, láti mọ̀ bóyá oògùn tó jẹ́ ojúlówó lè bá a mu. Èsì yẹn la ṣì ń retí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, ní yàrá ìwádìí