Ẹ ka àwọn tí wíwáṣẹ́ ti sú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò gbà pé àìríṣẹ́ṣe ti dínkù tó bí ìròyìn yín ṣe sọ ọ́. Ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde fún ìparí 2020 di 4.1 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yí ìlànà padà: wákàtí kan lọ́sẹ̀ ti tó láti di òṣìṣẹ́. Ẹni tí wíwáṣẹ́ ti sú kò tilẹ̀ sí lára aláìríṣẹ́ tí wọ́n ń kà.

Bẹ́ẹ̀ ni ti àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 38. Ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní Ọjà Ọba; òun kì í jáde lọ́sàn-án mọ́, ojú ń tì í. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó wá irú wọn délé, kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́. Màá gba méjì sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Kápẹ́ńtà kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́