Fúnmi, ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun opó Sáréfátì

Fúnmi mi ọ̀wọ́n,

Ṣé òtútù Manchester ò tíì gan ọ́? Láàárọ̀ yìí ní Bódìjà, mo rí obìnrin kan tó ń ju apá bọ̀ bíi tìẹ, mo ti lanu pè ọ́ kí n tó rántí. Ìyá Ìbejì tún ti bí, ọkùnrin ni. Tọ́lá yege. Wọ́n ti fi kún owó ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti opó Sáréfátì. Àlejò oníwàásù kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sọ́ńdè ìjẹta, ó ṣí Àwọn Ọba Kìíní orí 17. Obìnrin yẹn ń ṣa igi, ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan ló kù ú kù, òun àtọmọ ẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ́ kí wọ́n kú, Èlíjà ní kó kọ́kọ́ ṣe àkàrà kékeré tòun wá. (Àkàrà inú Bíbélì ò kúkú ní ẹ̀wà nínú.) Oníwàásù ní ká mú àkàrà tiwa bọ́ síwájú. Fúnmi, ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n sọ! Orí mi wú. Mo ń sunkún bí opó, èmi tí mo ní ọkọ nílé.

Ìgbà tí mo délé ni mo tún un kà. Elélùbọ́ ni mí, mo mọ bí ìsàlẹ̀ àpò ṣe ń rí, téèyàn bá ń fi kọ́ńgò ha á, tó ń wọ abẹ́ èékánná. Bíbélì ò sọ pé ìkòkò yẹn kún o. Kò ṣáà tán ni. Èlíjà náà ò sì gba àkàrà kó máa lọ: ilé obìnrin yẹn ló ń gbé, nígbà tọ́mọ sì kú, òun ló gbé e lọ sí yàrá òkè, tó na ara rẹ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àlejò tiwa ti wọ mọ́tò kí wọ́n tó ka owó tán.

Èyí tó wá gún mi jù ni ti Dáfídì ní ilẹ̀ ìpakà Àráúnà. Onílẹ̀ fẹ́ fún un ní màlúù àti igi lọ́fẹ̀ẹ́, ọba kọ̀, ó san 50 ṣékélì fàdákà, ó lóun ò ní fi ohun tóun ò náwó lé rúbọ sí Olúwa. Ìyẹ̀fun ara rẹ̀ ni opó yẹn náà pò.

Fúnmi, owó páànù Màmá rẹ ló wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ yẹn. Mo mú 40,000 náírà nínú ẹ̀ bọ́ síwájú.

Mo ti sọ fún Màmá pé káfíńtà rìnrìn àjò. Wọ́n ní kò burú, wọ́n bu ẹ̀gúsí fún mi. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni mò ń gbọ́ òjò, tó, tó, nínú bàsíà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn. Àtìgbà náà, bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń rò pé àwọn tó sin ọkọ Sàfírà, obìnrin inú Bíbélì tó purọ́ owó fún Pétérù tó sì kú, ti dé.

Àjọ á kàn mí ní ìparí oṣù kọkànlá. Jọ̀ọ́, fún mi dìgbà yẹn. Má tíì sọ fún Màmá, èmi fúnra mi á lọ kúnlẹ̀ fún wọn ní Sátidé. Bínú bá sì bí ọ, kọ ọ́ sí mi, má pè. Bàbá Tọ́lá ò tíì gbọ́.

Èmi ni,
Ìyá Tọ́lá