Ẹ fún ẹni tó mọ irin láṣẹ láti sọ pé “Ẹ dúró”

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ẹ bá dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alọta ní Ọjà Àtakúnmọ̀sà, ẹ ó gbọ́ ìráhùn wọn: ojú ọlọ ẹ̀rọ tó wá láti òkè òkun wọ́n, tiwa tètè ń jẹ, ó sì ń bu irin sínú ata oníbàárà. Wọ́n ní àwa tí à ń da irin nílẹ̀ yìí kò mọṣẹ́. Èmi ni mo ń darí iṣẹ́ irin yíyọ́ ní ilé iṣẹ́ kan níbí ní Iléṣà. A mọṣẹ́. (Ẹ má sì fi àwọn ère orí tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938 gbè mí lẹ́yìn. Iṣẹ́ idẹ àti bàbà nìyẹn, ojú ọlọ ò sì mọ ọmọ ẹni ńlá.)

Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àlòkù ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń yọ́. Kábọ́ọ̀nù (èròjà tó wà nínú èédú) inú rẹ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Ti sípíríǹgì ọkọ̀ kò tó ìdá 1. Bí sílíkónì (èròjà kan tó wà nínú iyanrìn) bá pọ̀ nínú irin dídà, tó sì rọra tutù, kábọ́ọ̀nù á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, irin á rọ̀, ojú ibi tó ti ṣẹ́ á rí bí eérú. Bí sílíkónì bá kéré, tàbí tó bá yára tutù, kábọ́ọ̀nù á so mọ́ irin, ojú rẹ̀ á funfun, á le koko, àmọ́ bó bá já bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ nìyẹn. Líle yẹn gan-an ni ojú ọlọ ń fẹ́. Ẹ wá da búlọ́ọ̀kù, sípíríǹgì àti ọ̀pá irin ilé pọ̀ sínú ààrò kan láìṣà á, ta ló mọ èyí tó máa jáde?

Ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n. Kí a tó da ẹyọ kan, a máa ń bu díẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù kékeré tí ẹ̀gbẹ́ kan nípọn, tí ìkejì tín-ín-rín bí ojú àáké. Bó bá ti tutù, a ó fi òòlù ṣẹ́ ẹ, a ó wo ibi tí funfun dé láti etí tó tín-ín-rín. Bí ó bá rọ̀ jù fún ọlọ, a ó wá sípíríǹgì kún un, kí kábọ́ọ̀nù àti sílíkónì inú rẹ̀ lè dín kù. Bí funfun bá pọ̀ jù fún àpótí ẹ̀rọ tí wọ́n máa lu ihò sí, a ó fi sílíkónì sí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì náni lówó.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó ṣẹ́ irin kékeré yẹn kì í sábà jẹ́ ẹni tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọjà títà á ní: “Ẹnjiníà, dísẹ́ẹ̀lì ń jó, ẹ jẹ́ ká dà á!” Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn oníbàárà á gbé ọlọ tó ti là sí méjì dé nínú ọ̀rá: “Ẹ bá wa wò ó.” Kí ni kí n wò? Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nítòsí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ irin. Ẹ̀yin onílé iṣẹ́, bí ẹ bá gbà wọ́n, ẹ má fi wọ́n ṣe akọ̀wé ẹrù. Kí ọ̀rọ̀ wọn lè dá ààrò dúró, kódà bí ọ̀gá ọjà títà bá ń bínú.

Ẹ̀yin alọta náà, ẹ béèrè irin ṣíṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta ọlọ fún yín. Bí kò bá ní in láti fi hàn yín, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Olórí adarin kan,
Ìmọ̀, Iléṣà.