Fẹ́mi, sh kan kọ́ ni gbogbo sh

Kàbbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Fẹ́mi ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀kún o. Ará ilé ńkọ́? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Mo ti ka script tí o fi ránṣẹ́ tán, èyí tí o ní ó ń ṣiṣẹ́ lórí Mac rẹ àmọ́ tí Ubuntu ń ṣe é bí wèrè. Ubuntu kò ya wèrè. `sh` ni shell, ètò tó ń ka àṣẹ inú script tó sì ń ṣe é; èyí tó wà níbẹ̀ kọ́ ló wà lórí Mac rẹ. Bash 3.2 ló ń jẹ́ orúkọ yẹn lórí Mac. Lórí Ubuntu, dash ni láti 2006. Lórí Alpine, Linux kékeré kan, ash inú BusyBox (àkójọ irinṣẹ́ kéékèèké) ni. Bí Owé àti Yàgbà ni: ọ̀kún la jọ ń kí ara wa, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń yà.

Ìlà tó bà mí lẹ́rù jù nìyí:

`if ./idanwo &> log.txt; then echo yege; fi`

Bash á kó gbogbo ohun tí ìdánwò bá sọ, tàṣìṣe tàṣìṣe, sínú log.txt. Dash kò mọ `&>`, ó gé e sí méjì. `&` ti ìdánwò sí abẹ́lẹ̀, kò sì dúró dè é. `> log.txt` wá ku òun nìkan: ó dá fáìlì òfìfo, ó dá 0 padà, ìyẹn ni pé kò sí àṣìṣe. Ni `yege` bá jáde, ìdánwò ì báà ṣubú lẹ́yìn náà. Èyí tó ń pariwo sàn ju èyí tó ń parọ́ lọ. Kọ ọ́ báyìí: `./idanwo > log.txt 2>&1`. Má gbé `2>&1` síwájú ibi tí o ti dárúkọ log.txt o, àṣìṣe á ṣì máa tú sójú ẹ̀rọ.

Ìyókù kò le, ohun tí dash kò mọ̀ ni kí o pààrọ̀: `[[` di `[`, `==` di `=`, `source eto.sh` di `. ./eto.sh`. Dash kò ní array (àkójọ iye lábẹ́ orúkọ kan) rárá. `sed -i` tó ń ṣàtúnṣe inú fáìlì kì í ṣe ẹjọ́ shell, àmọ́ `sed -i.bak` ni Mac àti Linux jọ gbà.

`dash -n`, tó ń yẹ gírámà wò láìṣe àṣẹ kankan, kò ní mú `&>` yẹn, torí gírámà rẹ̀ pé lójú dash. Shellcheck, irinṣẹ́ tó ń yẹ script wò, ló máa mú un: `shellcheck -s sh idanwo.sh`.

Bó bá jẹ́ bash lo fẹ́ dandan, fi `#!/usr/bin/env bash` bẹ̀rẹ̀, kí o sì fi `apk add bash` gbé bash sórí Alpine. Kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní `sh idanwo.sh`, bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ yẹn kò níṣẹ́ mọ́. Yẹra fún `declare -A` (array tó ń fi orúkọ dípò nọ́ńbà) náà, bash 3.2 kò mọ̀ ọ́n.

Bá mi kí ìyàwó. Fi èyí tí o bá tún ṣe ránṣẹ́.

Èmi ni,
Dáre